Bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́ wáìnì Bordeaux wò, pupa àti funfun, láì kúrò ní Iléṣà

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, ìlú bíà nìlú wa. Trophy ni wọ́n ń pọn níbí láti 1978, ẹni tó bá sì fẹ́ fi wáìnì ṣe àlejò ní Iléṣà, wáìnì dídùn ló máa rà, èyí tí ṣúgà kún inú ẹ̀, tí àwọn ìyá ìjọ náà lè mu kí ojú wọn má sì fún pọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n kan ti London dé, tàbí ọ̀gá kan gbé ìgò Bordeaux wá síbi ìkómọ, wọ́n ṣí i, kálukú gbé e sẹ́nu, ẹnu korò, ẹnu gbẹ, wọ́n ní kí lèyí, àbí ó ti bàjẹ́ ni? Kò bàjẹ́ o. Bó ṣe ń rí nìyẹn, ṣùgbọ́n gbígbóná ni wọ́n mu ún, inú kọ́ọ̀pù rọ́bà ni wọ́n bù ú sí, ẹran tí ata pa ni wọ́n sì fi sìn ín, báwo ló ṣe fẹ́ dùn?

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí èèyàn ṣe ń tọ́ ọ wò, torí títọ́wò yàtọ̀ sí mímu. Ẹni tó ń mu ń wá ìgbádùn, ẹni tó ń tọ́ wò ń wá ìyàtọ̀, ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìgò yìí tí kò sí nínú ìyẹn. Nítorí náà ẹ má ṣí ìgò kan ṣoṣo, ìgò kan ò lè kọ́ yín ní nǹkan gidi kan, ẹ ṣí méjì, tówó bá wà kẹ́ ẹ ṣe é ní mẹ́ta, kẹ́ ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ kó ara yín jọ bí èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ dáwó ẹ̀. Ìgò kan jẹ́ 750 ml, bẹ́ẹ̀ 50 ml péré lèèyàn kan nílò láti fi tọ́ ọ wò, ó máa tó yín, á tún ṣẹ́kù.

Ohun kejì ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn orúkọ èso òyìnbó tó wà nínú ìwé dẹ́rù bà yín. Ẹni tí kò rí gooseberry rí láyé ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ẹnu tó ti jẹ obì, orógbó, agbálùmọ̀, ìyeyè àti ewúro látìgbà èwe, ó ti mọ kíkan, ó ti mọ kíkorò, ó mọ ohun tó ń fún ẹnu pọ̀, kò sóhun tó kù nínú wáìnì tí kò ní lè sọ orúkọ ẹ̀.

Díẹ̀ nípa Bordeaux fúnra ẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú ńlá ni, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, nítòsí òkun Àtìláńtíìkì, orúkọ ìlú yẹn náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo agbègbè tó yí i ká tí wọ́n ti ń gbin àjàrà. Odò méjì ló gba ibẹ̀ kọjá, Garonne àti Dordogne, wọ́n wá pàdé ara wọn, wọ́n di Gironde tó wọ inú òkun. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ apá òsì àti apá ọ̀tún, àwọn odò yìí ni wọ́n ń wí. Ní apá òsì, níbi tí Médoc àti Graves wà, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀ ibẹ̀, omi kì í dúró níbẹ̀, òkúta yẹn sì máa ń gba oòrùn sára, ìyẹn ló jẹ́ kí Cabernet Sauvignon máa ṣe dáadáa níbẹ̀, torí àjàrà tó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n ni. Ní apá ọ̀tún, Saint-Émilion àti Pomerol, amọ̀ pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, ó tutù díẹ̀, Merlot tó tètè ń pọ́n ló gbalẹ̀ níbẹ̀.

Wọn kì í sábà fi irú àjàrà kan ṣoṣo ṣe é, wọ́n máa ń pò wọ́n pọ̀ ni, Cabernet Sauvignon, Merlot, Cabernet Franc, nígbà míì Petit Verdot díẹ̀. Ọgbọ́n àgbẹ̀ lásán ni, torí òjò tó ń ti orí òkun wá kò ṣeé fọkàn tán, tí òjò bá ba Merlot jẹ́ lọ́dún kan, Cabernet lè yè é, tí òtútù bá tètè dé tí Cabernet ò rójú pọ́n, Merlot ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ayé tó ń gbóná sí i náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, lọ́dún 2021 ni ìjọba Faransé gbà wọ́n láyè láti gbin àwọn àjàrà míì tó lè fara da ooru, títí kan Touriga Nacional tó jẹ́ ti àwọn Potogí.

Ní ti funfun, Sauvignon Blanc àti Sémillon ló ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pupa nìkan ni Bordeaux mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bíi 1970, funfun wọn ló pọ̀ ju pupa lọ. Ní báyìí ṣá, pupa ló ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ó kan ọjà rírà. Iléṣà ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tó ń ta wáìnì, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yan dáadáa ẹ lè fẹsẹ̀ kan dé Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó bá yín gbé e dání. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò lára ìgò ni orúkọ ibi tó ti wá, èyí tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Appellation, tó bá jẹ́ Bordeaux nìkan ló wà níbẹ̀, inú agbègbè yẹn níbikíbi ni àjàrà ẹ̀ ti lè wá, tó bá jẹ́ Médoc, apá òsì nìyẹn, tó bá jẹ́ Saint-Émilion, apá ọ̀tún. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kórè ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ wá bojú wo kọ́ọ̀kì ẹ̀ láti òkè, tó bá ti yọrí síta tàbí tí wáìnì ti ń jò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ooru ti sè é nìyẹn, ẹ gbé e sílẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ dín owó ẹ̀ kù fún yín. Ìgò tó dúró sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ń pa á láti ọdún tó kọjá, ẹ má rà á, èyí tó wà lẹ́yìn níbi tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ọ̀rọ̀ "Grand Vin de Bordeaux" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìgò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí nǹkan kan, ẹ má torí ẹ̀ sanwó gọbọi. Ẹ tún máa gbọ́ nípa ìpele tí wọ́n ṣe lọ́dún 1855 nígbà tí Napoleon III, olú ọba Faransé ìgbà náà, ń palẹ̀ mọ́ fún ìpàtẹ ńlá ní Paris, níbi tí wọ́n ti fi àwọn oko àjàrà Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion sípò kìíní, tí Mouton Rothschild wá dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1973. Ìtàn ni. Owó ìgò kan níbẹ̀ lè ra ọ̀kadà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ títọ́wò kò nílò ẹ̀ rárá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, funfun kan tó gbẹ, ìyẹn èyí tí kò ní ṣúgà, tí wọ́n kọ Bordeaux Blanc tàbí Entre-Deux-Mers sí lára, pupa kan láti Médoc, pupa kan láti Saint-Émilion tàbí agbègbè ibẹ̀. Mẹ́ta yìí ti tó.

Ibi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀ jù rèé, ọ̀rọ̀ òtútù. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé wáìnì pupa, inú yàrá lásán ni kí wọ́n ti mu ún, kò nílò fíríìjì. Yàrá ta ni? Yàrá àwọn ará Faransé ayé àtijọ́ tí wọ́n ń kọ́ pẹ̀lú òkúta, tó jẹ́ dígírì 16 sí 18. Nílé tiwa níbí, lọ́sàn-án oṣù kejì, ó lè lé ní 30 kó má sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wáìnì pupa tó bá gbóná tó yẹn, ọtí inú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbá yín nímú, gbogbo òórùn èso tó wà nínú ẹ̀ á pa mọ́, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan ju ọtí lọ. Nítorí náà ẹ gbé pupa sí fíríìjì bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó ṣí i. Funfun, ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, wákàtí mẹ́ta ó lé, kó lè tutù dé nǹkan bíi dígírì 8 sí 12, kẹ́ ẹ wá gbé e síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí tó bá tutù jù náà kì í sọ̀rọ̀, ẹnu á kú, ẹ ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń mu.

Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ṣebí ilé wa náà la wà. Ẹ ra áìsì bílọ́ọ̀kù, ẹ fọ́ ọ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá da omi sí i, ẹ gbọ́ mi o, kẹ́ ẹ da omi sí i, torí yìnyín nìkan kò ní fara kan gbogbo ìgò náà, omi tó ti tutù ló máa yí i ká. Ìdajì wákàtí nínú irú omi bẹ́ẹ̀, funfun ti ṣe tán. Pupa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fìrísà náà ṣeé lò, àmọ́ téèyàn bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ kọ́ọ̀kì á ta yọ, ìgò sì lè bẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju yìnyín sínú gíláàsì, ẹ ti pò ó mọ́ omi nìyẹn, kí lẹ tún fẹ́ tọ́ wò nínú ẹ̀?

Gíláàsì. Èyí tó ní ẹsẹ̀, tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tí ẹnu ẹ̀ sì ń súnkì, ló dáa, torí ẹnu tó súnkì yẹn ló ń kó òórùn jọ fún imú. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fẹnu kò sí fún títọ́wò lágbàáyé láti 1977, wọ́n ń pè é ní gíláàsì ISO, ó kéré, nǹkan bíi 215 ml, kò sì wọ́n. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, gíláàsì wáìnì èyíkéyìí tí kò ní àwọ̀ lára á ṣiṣẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa kí òórùn ọṣẹ kúrò, kẹ́ ẹ má sì fi aṣọ ìnùwọ́ tó ti wà nílé ìdáná látàárọ̀ nù ún. Ìdá mẹ́rin gíláàsì náà ni kẹ́ ẹ da wáìnì dé, kò gbọ́dọ̀ kún.

Àárọ̀ ló dáa jù, bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, kí ebi ti fẹ́ máa pa yín díẹ̀, imú máa ń jí nígbà yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fín tọ́fínní lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n má dín ata nínú ilé, kí wọ́n má dáná ẹ̀fọn. Ẹ gbé omi mímu sítòsí, ẹ gbé búrẹ́dì tí kò ní ṣúgà sítòsí tẹ́ ẹ bá rí i rà, ẹ wá gbé ike kan tẹ́ ẹ máa máa tu wáìnì sí. Ẹ̀ẹ́n, títu ni. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan láti tu ohun tí wọ́n fowó rà dànù, àmọ́ Bordeaux pupa máa ń ní ọtí tó 12.5 sí 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì bíà ó lé, ẹni tó bá gbé gbogbo ẹ̀ mì, nígbà tó bá fi máa kan ìgò kẹta kò ní lè sọ ìyàtọ̀ mọ́, ọ̀kadà náà kò sì ní ṣeé gùn délé. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí, ẹ bu èyí tó wù yín kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ọmọ tí kò tíì pé 18, aboyún, ẹni tó ń lo oògùn, ẹni tó máa wakọ̀, kí wọ́n máa gbóòórùn ẹ̀ ní tiwọn, ó ti tó.

Funfun lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ tó wá sórí pupa, torí tí pupa bá ti kọjá lẹ́nu, funfun á dà bí omi.

Ẹ kọ́kọ́ fojú wò ó. Ẹ gbé gíláàsì sókè bébà funfun, kẹ́ ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀. Funfun tí kò tíì pẹ́ máa ń mọ́, ó fẹ́ máa fi àwọ̀ ewé díẹ̀ hàn, bó bá ṣe ń dàgbà ló ń pọ́n bíi góòlù. Pupa ní tiẹ̀, nígbà tó ṣì kéré àwọ̀ ẹ̀ kò jìnnà sí ti sobo, bó ṣe ń pẹ́ sí i etí ẹ̀ á máa di àwọ̀ bíríkì, á wá máa lọ sí búráùn. Tí funfun ọdún tó kọjá bá ti pọ́n bíi tíì, ẹ ṣọ́ra. Omi tó máa ń ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jù ú yíká, tí àwọn kan máa ń nàka sí pé ẹ wò ó, wáìnì gidi nìyí, ọtí ló ń fa ìyẹn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bó ṣe dáa tó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Imú ló ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mì ín, lẹ́yìn náà ẹ fi ẹsẹ̀ gíláàsì lé orí tábìlì, kẹ́ ẹ máa yí i po, kẹ́ ẹ tún gbé imú bọ inú ẹ̀, ẹ máa rí i pé òórùn ẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹ fà á ní díẹ̀díẹ̀, ní kúkurú, kì í ṣe ká fa èémí gígùn. Imú máa ń tètè rẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, ẹ gbóòórùn ara apá yín, kẹ́ ẹ tó padà.

Kí lẹ máa gbọ́? Nínú funfun tó jẹ́ pé Sauvignon Blanc ló pọ̀ nínú ẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa kọ́kọ́ wá, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nígbà míì gúáfà, nígbà míì ìyeyè tó bọ́ sílẹ̀ tó ti ń pọ́n. Sémillon kì í pariwo bíi tiẹ̀, oyin ni, ìda oyin díẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí wáìnì náà nípọn lẹ́nu. Tí wọ́n bá fi àgbá igi oak tọ́jú ẹ̀, ẹ máa gbọ́ fàńílà àti èéfín díẹ̀. Nínú pupa Médoc, èso tí àwọn òyìnbó ń pè ní blackcurrant ni wọ́n máa ń dárúkọ, ẹni tó bá ti mu Ribena rí ti mọ òórùn yẹn, kó má wá òmíì kiri. Lẹ́yìn ẹ̀, eruku pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ewé tábà, àti nígbà míì tàtàṣé tútù tí kò tíì pọ́n. Tàtàṣé yìí, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní pyrazine ló ń fà á, ó máa ń wà nínú èèpo Cabernet, ó sì ń dínkù bí àjàrà ṣe ń pọ́n, nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tó le, ó ṣeé ṣe kí oòrùn má fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́dún tí wọ́n kórè ẹ̀. Saint-Émilion máa ń rọ̀ ju ìyẹn lọ, èso tó ti pọ́n kọjá àlà ni, àti kòkó. Àwa tá a dàgbà sí Ìjẹ̀ṣàland, tá a mọ bí kòkó ṣe ń rùn nígbà tí wọ́n bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó àti nígbà tí wọ́n bá sá a sí títì, a mọ oríṣi òórùn kòkó tó ju ti ṣokoléètì inú ọ̀rá lọ, ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ gbọ́ gan-an. Pupa tó bá ti dàgbà dáadáa, olú ni, awọ, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Kí kálukú kọ tiẹ̀ sínú ìwé kó tó sọ̀rọ̀ síta. Ìdí ni pé tí àgbà kan láàárín yín bá ti ní oyin lòun gbọ́, gbogbo yín lẹ máa gbọ́ oyin.

Ojú náà máa ń tan imú jẹ, mi ò sì sọ ọ́ láti fi ṣeré. Lọ́dún 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa wáìnì ní yunifásítì Bordeaux fúnra ẹ̀ ní wáìnì funfun tí wọ́n ti fi àwọ̀ tí kò ní òórùn sọ di pupa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún wáìnì pupa ṣàpèjúwe òórùn ẹ̀. Ọmọ Bordeaux o, ní Bordeaux! Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ́ gbogbo ẹ̀ wò tán, kí ẹnì kan lọ fi bébà dúdú wé gíláàsì mẹ́ta, kó bù wọ́n sí i ní kọ̀rọ̀, kí ìwọ̀n òtútù wọn bára mu, kẹ́ ẹ wá gbóòórùn wọn láì wò wọ́n kẹ́ ẹ sọ èwo ni funfun, èwo ni pupa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan ẹnu. Ẹ bu díẹ̀, ẹ má gbé e mì, ẹ jẹ́ kó kárí gbogbo ẹnu, abẹ́ ahọ́n, ẹ̀gbẹ́ eyín, òkè ẹnu, kẹ́ ẹ wá ya ètè díẹ̀ kẹ́ ẹ fa afẹ́fẹ́ wọlé gba orí ẹ̀. Á pariwo. Mo mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti kọ́ wa, ẹni tó bá ń fa ọbẹ̀ báyẹn, ìfọ́tí ló máa fi jẹ, ṣùgbọ́n níbí ẹ fà á, torí afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé òórùn gba ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú imú, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá a ń pè ní adùn, imú ló ń gbọ́ ọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá níbẹ̀ ò pọ̀. Àkọ́kọ́, kíkan ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tu ú tán, ẹ wo bí itọ́ ṣe ń sun láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, bó bá ṣe ń sun tó ni kíkan ẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ lo agbálùmọ̀ láti fi wọ̀n ọ́n, èyí tó pọ́n dáadáa ní ìkangun kan, èyí tí wọ́n já láìtọ́jọ́ ní ìkangun kejì, ẹ wá sọ ibi tí wáìnì yẹn bọ́ sí láàárín méjèèjì. Wáìnì funfun kò ní nǹkan míì tó mú un dúró ju kíkan yìí lọ, funfun tí kò kan rárá, ó rọ nìyẹn.

Èkejì ni táníìnì, inú pupa lẹ ti máa bá a pàdé. Èèpo àti kóró àjàrà ló ti ń wá, títí kan igi àgbá, pupa ni wọ́n ń jẹ́ kí omi ẹ̀ bá èèpo gbé, funfun, wọ́n tètè ń fún omi kúrò lára èèpo, ìdí nìyẹn tí ẹnu ò fi ń gbẹ lórí funfun. Táníìnì máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tó ń jẹ́ kí itọ́ máa yọ̀, ìyẹn ni ahọ́n fi ń há, tí ètè ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jẹ obì àbàtà rí láàárọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n dájúdájú, nǹkan kan náà ló ń ṣe é. Ẹ ra ẹyọ obì kan ní ọjà Atákúnmọ̀sà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí kálukú jẹ ìdá kékeré kan, kó fọkàn sí ibi tó ti ń fún òun lẹ́nu, kó mu omi, kó dúró títí ẹnu á fi mọ́, kó tó wá tọ́ Médoc wò. Ẹ máa rí i pé táníìnì Médoc máa ń di ẹ̀gbẹ́ eyín mú, ó dúró gán-ín, ti Saint-Émilion rọra bo gbogbo ẹnu. Ká má gbàgbé pé kíkorò àti fífún ẹnu kì í ṣe ọ̀kan náà. Ewúro korò kò sì fún ẹnu, obì ṣe méjèèjì.

Ẹ tún wo ọtí ẹ̀, bó ṣe ń gbóná ní ọ̀fun. Ẹ wo bó ṣe nípọn. Lẹ́yìn náà, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tu ú, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ máa kà á lọ́kàn, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni adùn ẹ̀ fi ń dúró lẹ́nu. Wáìnì lásán á lọ kẹ́ ẹ tó ka márùn-ún. Èyí tó dáa á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ka mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún máa yí padà. Èmi kì í fún wáìnì ní máàkì lórí ọgọ́rùn-ún bí àwọn kan ṣe ń ṣe, bó bá ṣe pẹ́ lẹ́nu tó ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Pupa tó ṣì kéré tó sì le jù, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, kẹ́ ẹ tún tọ́ ọ wò, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgò kẹ́ ẹ lè fi wéra. Tó bá jẹ́ èyí tó ti dàgbà, ẹ gbé e nàró láti ọjọ́ kan ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra dà á.

Ẹni tí kò bá lè fi ṣúgà sílẹ̀ rárá, Bordeaux ní tirẹ̀, Sauternes ni. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ciron, omi ẹ̀ tutù, tó bá dé ibi tó ti pàdé Garonne tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ, kùrukùru á bo ilẹ̀ láàárọ̀ nígbà ìkórè, kùrukùru yẹn ló ń mú kí olú tíntìntín kan, Botrytis cinerea, hù sára àjàrà. Ó máa ń lu èèpo ẹ̀, omi inú ẹ̀ á fà, ṣúgà á ṣẹ́kù. Ìkórè ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á wọ oko léraléra láti mú ìwọ̀nba èyí tó ti hun jọ, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Tówó ò bá ká a, ẹ wá Loupiac tàbí Cadillac, òdìkejì odò níbẹ̀ ni wọ́n wà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Òun lẹ máa tọ́ wò kẹ́yìn. Oyin ni, àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n rá, ṣùgbọ́n ẹ wá kíkan tó wà nísàlẹ̀ adùn yẹn, òun ni kò jẹ́ kó súni.

Oúnjẹ wá lẹ́yìn títọ́wò, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Ata àti ọtí kì í bára wọn rẹ́, ọtí máa ń jẹ́ kí ata ta sí i, táníìnì á wá jẹ́ kó gbẹ lé e lórí, nítorí náà Médoc àti súyà tí wọ́n da yájì bò, ìyà ni. Ẹ ní kí mọ̀láà fún yín ní èyí tí kò ní yájì púpọ̀, tó ní ọ̀rá lára díẹ̀, ẹran àti ọ̀rá máa ń rọ táníìnì lójú, ẹ máa rí i pé wáìnì tó fún yín lẹ́nu láàárọ̀ ti di èèyàn jẹ́jẹ́. Funfun lọ pẹ̀lú ẹja sísun. Ọbẹ̀ tó bá ta gan-an, Sauternes tó tutù ló lè kò ó lójú. Iyán àti ẹ̀gúsí kò nílò èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jẹ iyán yín ní àlàáfíà.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìgò tó ń rùn bíi páálí tó wà nínú omi tàbí aṣọ tí kò gbẹ, kọ́ọ̀kì ló ba ìyẹn jẹ́, kì í pa èèyàn, àmọ́ kò ní kúrò bẹ́ ẹ bá mì ín dọ̀la. Èyí tó ń rùn bíi ọtí kíkan, tàbí bí èso tí wọ́n ti sè, afẹ́fẹ́ tàbí ooru ló bà á jẹ́, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á tó bá máa gbà.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì, pupa náà, kì í ṣe orí fíríìjì níbi tí ooru ẹ̀rọ ń fẹ́ sí. Funfun àti pupa á ṣì ṣeé mu fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, Sauternes á tó ọ̀sẹ̀ kan dáadáa, ẹ sì tún wọn tọ́ wò lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ kọ lọ́wọ́, pàápàá Médoc yẹn.